Èwo Ni Hàwáù Nínú Àwọn Òrùka Yìí?

Ìdí-Ọsàn, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Jímọ̀, oṣù kọkànlá, 1994.

Sùfíyánù ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ará ìta gbọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le koko? Ṣé oòrùn Niamey ò pa ọ́ jù? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ní àdúgbò Plateau ṣì ń fi ojúure wò ọ́? Ọlọ́run Allah ò ní jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. A gbọ́ lórí rédíò pé ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ níbẹ̀ ju ẹran Iléyá lọ, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi mọ́tò kiri pariwo. Jọ̀wọ́, má tẹ̀ lé wọn, má bá wọn lẹ ìwé mọ́ ògiri ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pín aṣọ ẹgbẹ́, gba tìrẹ kí o fi rán Àbdùlkàdír aláṣọ wá fún mi bó bá ń bọ̀ nílé, màá fi ṣe ìborùn.

Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún òsì ń ro mí bí òjò bá ṣú, bí òjò ò bá sì ṣú, ọ̀tún ló ń ro mí. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ méjì, akọ ni méjèèjì. Ògiri yàrá ẹ̀yìn tí Sùlù bíríkìlà mọ fún mi lọ́dún tó kọjá ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n màá padà sórí ọ̀rọ̀ Sùlù, nítorí ìwọ lo bá a rí ọ̀nà àbáyọ.

Ọ̀rọ̀ tó bí ìwé yìí ni fọ́tò tí o fi rán Àbdùlkàdír aláṣọ sí wa. Sùfíyánù, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?

Láti ìgbà tí o ti kọ̀wé pé o ti rí ọmọbìnrin kan tí o fẹ́ fẹ́ ní Gamkalley, pé Hàwáù ni orúkọ rẹ̀, pé ọmọ ẹ̀yà Zarma ni, pé bàbá rẹ̀ ń gbin ewébẹ̀ létí odò, ọkàn mi ò balẹ̀. Èmi ò ní kí o má fẹ́ ẹ o. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ta aṣọ ní Niamey, mo mọ àwọn ará Gamkalley, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń ra tòmátì àti àlùbọ́sà, wọn kì í fi èyí tó jẹrà sísàlẹ̀ igbá bí àwọn kan tí mo mọ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni ilé wa. Ní ilé wa, ìwọ náà mọ̀, ọmọ tó bá wà lẹ́yìn odi tó fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ fi fọ́tò ìyàwó ránṣẹ́ sílé kí àwọn àgbà wò ó, kí wọ́n tó gbéra lọ tọrọ rẹ̀. Bàbá Ògúntádé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, olórí ẹbí wa, ni wọ́n máa ń já àpò ìwé náà níṣojú gbogbo ilé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ yọjú wò ó. Ìdí nìyẹn tí èmi ìyá rẹ fi gba àpò ìwé lọ́wọ́ Àbdùlkàdír lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí títí di ọjọ́ Sátidé, tí mi ò ṣí i. Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti jí i wò, Ọlọ́run ì bá sì dárí jì mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí ọ, mo ní kí o mú ọmọ yìí lọ sílé fọ́tò, kó wọ aṣọ tó dáa, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, kí wọ́n yà á láti orí dé ẹsẹ̀, kí a rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tọ́. Ṣé ohun tó le nìyẹn? Ọmọ Mùhàmmádù ẹlẹ́rọ ìlọta tó wà ní Kótónú fi fọ́tò ìyàwó tirẹ̀ ránṣẹ́, ìyàwó fi ọwọ́ kan ti rédíò, ó fi ọwọ́ kejì di báàgì mú, gbogbo ènìyàn sì rí i.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, mo pa àgbébọ̀ adìẹ mi kan ṣoṣo tó ń yé ẹyin. Mo se ìrẹsì. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sórí ẹní, Alfa Bẹ̀llò, lèmọ́mù wa, jókòó sórí àga. Bàbá Ògúntádé bọ awò sójú, wọ́n já àpò ìwé, wọ́n fa fọ́tò yọ, wọ́n wò ó. Sùfíyánù, wọ́n wò ó títí ọbẹ̀ adìẹ fi tutù. Wọ́n yí fọ́tò náà sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n wá bi mí pé ta ló ya ìdí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Alfa Bẹ̀llò gbà á wò, wọ́n ní kí Ọlọ́run foríjì wá, wọ́n tètè dá a padà. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, na ọrùn wò ó, ó ní èwo ni Hàwáù nínú àwọn òrùka yìí. Ojú gbà mí tì.

Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìwé wà nínú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àkànní, Yorùbá rẹ ti ń di ọbẹ̀ olómi, ibi tí o bá ti ní láti sọ̀rọ̀ gidi ni o máa ń fi Faransé sí, ẹni tó bá sì gbọ́ Faransé nínú ilé wa kò sí, àfi èmi tí mo gbọ́ ti ọjà, kò sì sí ẹni tí ń ná ìràwọ̀ lọ́jà. Mo kà á bí mo ṣe lè kà á. O ní ìràwọ̀ ni àwọn òrùka náà. O ní ìràwọ̀ ò rìn o, ilé ayé ló ń yí po bí ọ̀pá ìrànwú, àwa tí a wà lórí rẹ̀ la wá rò pé ìràwọ̀ ló ń lọ. O ní olùkọ́ rẹ kan ní iléèwé Lamordé ló yá ọ ní kámẹ́rà, pé o gbé e lé ẹsẹ̀ igi mẹ́ta nínú oko bàbá Hàwáù ní Gamkalley, o ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko, tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fa ìlà. O ní èyí tó wà láàárín, tí kò fa ìlà kankan, ni ó wà ní ọ̀gangan ibi tí ayé ti ń yí. O ní ohunkóhun tó bá ń rìn nílẹ̀, kámẹ́rà ò ní mú un, ohun tó bá dúró sójú kan ló ń mú. Lẹ́yìn náà ni o wá kọ ọ́ sísàlẹ̀, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, pé Hàwáù wà níbẹ̀.

Hàwáù wà níbẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń wá a láàárín ìràwọ̀. Bàbá Ògúntádé fi ìka tọ òrùka kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ṣé ìràwọ̀ lo fẹ́ fẹ́ ni. Wọ́n ní ká tiẹ̀ ní òrùka lo fẹ́ yà, kí ló dé tí kò sí èyí tó parí nínú wọn, ìdajì-ìdajì ni gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo ní ìwé ti ṣàlàyé, pé ó máa gbà tó odidi ọjọ́ kan kí òrùka tó parí, oòrùn ò sì ní gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí oòrùn ò fọwọ́ sí, àwọn náà ò fọwọ́ sí i.

Ohun tó bí mi nínú jù nìyí. O kọ ọ́ pé o ti ń dúró tipẹ́ kí iná mànàmáná lọ ní gbogbo ìlú kí ojú ọ̀run lè ṣú dáadáa, pé inú rẹ dùn nígbà tó lọ. Sùfíyánù! Lójoojúmọ́, bí mo bá kírun tán, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó má jẹ́ kí ọmọ mi wà nínú òkùnkùn, ìwọ wá ń ṣe àdúrà òkùnkùn níbẹ̀! Kí Ó wá gbọ́ tèmi ni àbí tìrẹ? Alfa Bẹ̀llò sì béèrè, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, pé kí ni ọmọ olọ́mọ ń ṣe pẹ̀lú rẹ nínú oko lóru, láìsí iná. Mo yára ka ibi tí o ti ní bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà níbẹ̀, wọ́n ń kiri oko nítorí màlúù, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń rìn, fọ́tò ò mú wọn. Bàbá Ògúntádé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní láyé àwọn, àwọn ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀rí, àwọn ò tíì gbọ́ ẹlẹ́rìí tí kò hàn nítorí pé ó ń rìn.

Wọ́n wá dìde. Wọ́n ní kí Ààwẹ̀ tó dé, bí fọ́tò ènìyàn tó ní ojú àti imú ò bá tí ì tẹ àwọn lọ́wọ́, àwọn máa lọ tọrọ Ànísátù ọmọ Mùhàmmádù ẹlẹ́rọ ìlọta fún ọ, ẹni tí àwọn mọ ojú rẹ̀. Wọ́n jẹ adìẹ mi tán kí wọ́n tó lọ.

Ṣé o rò pé ó parí síbẹ̀? Láti ọjọ́ náà, Ìyá Òrùka ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo Ìdí-Ọsàn. Alfa Bẹ̀llò ò sùn mọ́. Wọ́n ní bí ayé bá ń yí, a jẹ́ pé bí a bá kọjú sí Mẹ́kà ní ìdájí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìbàdàn la máa kọjú sí nígbà tó bá di àṣálẹ́. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ mọ́ṣáláṣí, àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni wọ́n ń lọ wò ó bóyá ó ti kúrò níbi tó wà. Mo sọ fún wọn pé Mẹ́kà náà ń bá wa yí, kò kúkú dúró dè wá síbì kan. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń yí i. Èmi náà gbé abọ́ omi kún dé etí, mo gbé e sórí àpótí ní àgbàlá mọ́jú, kí n lè mọ̀ bóyá ayé máa dà á nù. Ní àárọ̀, abọ́ ṣófo. Mo ti ń pariwo kí n tó rí irùngbọ̀n ewúrẹ́ tó tutù. Ti Sùlù ló wá burú jù. Mo lọ bá a nítorí ògiri tó là, ó ní kí n má dá òun lẹ́bi, pé òun mọ ògiri náà síbi tó yẹ, ayé ló sún, àti pé ọmọ mi tó kàwé ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ta ni màá fi ẹjọ́ ayé sùn?

Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń sọ pé ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí o lọ fi kámẹ́rà wá ẹ̀rí rẹ̀.

Mo fi ìbínú gbé fọ́tò náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí àlejò ò ti ní rí i. Lánàá Ọjọ́bọ̀, mo ń gbá yàrá, mo rí i pé alántakùn ti ń takùn sí i, mo gbé e jáde sínú oòrùn kí n nù ún. Mo ń nù ún, mo ń bú ọ, mo ń nù ún, mo ń bú ọ. Ìgbà tí mo nù ún dé ìsàlẹ̀, níbi tó dúdú, tí a rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo rí orí igi. Mo rí ebè ewébẹ̀. Lábẹ́ igi náà ni mo ti rí ẹní, obìnrin kan sì jókòó sórí ẹní náà.

Kò tóbi ju èékánná mi lọ. Àwọn àgbà ò rí i nínú òkùnkùn pálọ̀ mi, òrùka tó kún òkè ti gba gbogbo ojú wọn. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn, ó hàn. Ó so gèlè mọ́ orí, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ìró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìràwọ̀ tí kò rìn yẹn sì wà lókè orí rẹ̀ tààrà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun kan wà bí èéfín tí atẹ́gùn ń gbé lọ, kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀. Mo wò ó títí. Mo tún ìwé rẹ kà, ibi tí o ti ní ohun tó bá dúró sójú kan ni kámẹ́rà ń mú. Ìgbà náà ló yé mi pé ìwọ ni èéfín.

Sùfíyánù, mo jókòó sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta! Ọmọ náà jókòó tì ọ́ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ̀fọn Gamkalley tí mo mọ̀ ń jẹ ẹ́, kò dìde, kò yíra padà, kò ní òun ń lọ sùn, nígbà tí ìwọ ń lọ tí o ń bọ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Mo wá rántí bàbá rẹ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé bàbá rẹ ò lè jókòó, Kótónú lónìí, Màràdí lọ́la. Èmi ni mo jókòó ti ìdì aṣọ ní ọjà Niamey fún ọdún méjìlélógún, tí àwọn oníbàárà ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí ẹ̀yin ọmọ ń sáré kiri. Bí ẹnì kan bá ya irú fọ́tò yìí ní ọjà nígbà náà, gbogbo yín ì bá di èéfín, èmi nìkan ni ǹ bá hàn. Kò sẹ́ni tó yà á. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé fọ́tò lọ bá Bàbá Ògúntádé. Mi ò jẹ́ kí wọ́n wò ó nínú ilé, mo fa àga wọn sínú oòrùn, mo fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí i. Wọ́n wò ó. Wọ́n bọ́ awò, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé kò dìde, kó tiẹ̀ lọ mu omi. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó dìde ni, a kì bá rí i. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn òrùka òkè, obìnrin náà nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n wá ní àwọn ò rí ojú rẹ̀, àwọn ò rí imú rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó lè jókòó ti aláìgbádùn kan bí ìwọ lóru fún wákàtí mẹ́ta láìsọ pé ó sú òun, àwọn ti rí ìwà rẹ̀, ìwà sì lẹwà. Wọ́n ní kí Mùhàmmádù fi ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí Ààwẹ̀ tó dé, àwọn fúnra àwọn, èmi àti Alfa Bẹ̀llò máa wọ ọkọ̀ wá sí Niamey wá tọrọ Hàwáù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá náà jọ̀wọ́ dúró sójú kan lọ́jọ́ náà, kí àwọn lè rí i.

Nítorí náà, wá owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́ta ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé owó sẹ́fà ti já lulẹ̀ lọ́dún yìí, má sọ ọ́ fún mi, rán an bó ṣe wà. Fi owó gíláàsì àti férémù sí i, mo fẹ́ gbé fọ́tò náà kọ́ pálọ̀. Fi owó adìẹ mi náà sí i, orí òrùka rẹ ló kú lé. Sì kọ ìwé kékeré kan sí Sùlù, kí o fi òǹtẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ sí i, kí o sọ fún un pé ayé ò sún, sìmẹ́ńtì ni kò pé.

Bá mi kí Hàwáù. Sọ fún un pé mo ní fofo, mi ò tíì gbàgbé gbogbo Zarma tán. Ọlọ́run Allah á so yín pọ̀, ayé á máa yí sí rere fún yín, ìràwọ̀ yín ò ní wọ òòkùn, ẹ̀fọn ò sì ní fi ibà ṣe yín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Àkànní. Ó di ọdún mẹ́fà tí mo ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn. Ìgbà tí mo rí Hàwáù tán lánàá, ìwọ ni mo ń wá, mo wá ọ títí oòrùn fi wọ̀, èéfín yẹn nìkan ni mo rí. Bí ẹ bá tún fẹ́ ya irú rẹ̀, fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ìwọ jókòó ti Hàwáù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́rìlíátù.